Káàdì Tí Sẹ̀gilọlá Fà Ya

Bí ẹ bá dé Àgbowó ní Ìbàdàn, tí ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá léèrè ṣọ́ọ̀bù Sẹ̀gilọlá Àlàó, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bèèrè Mọ́mì Káàdì, mẹ́sàn-án nínú wọn á jọ na ọwọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni kẹwàá tí kò mọ̀ ọ́n, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọdún kìn-ínní ni. Ẹ fún un ní oṣù kan péré, ebi á mú un débẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò tóbi. Abẹ́ ilé alájà kan ló wà, láàárín ẹni tó ń ṣe fọ́tókópì àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ìrẹsì wà níbẹ̀, gàrí funfun àti pupa, ẹ̀wà, ẹyin, òróró inú ìgò kékeré, ọṣẹ ìfọṣọ, mílíìkì inú ọ̀rá. Kò sí bisikíìtì. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, á ní òun ò lè máa kọ bisikíìtì sórí káàdì, nítorí ìjókòó kan lọmọ èèyàn fi ń jẹ ẹ́ tán, tí ọjọ́ owó bá sì pé, kò níí rántí pé òun jẹ nǹkan kan.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Sẹ̀gilọlá fi tọ́jú fáìlì fún ìjọba ní Sẹkitéríàtì. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n bi í ní ohun tó ń fẹ́ gbé lọ fún ìrántí. Ẹlòmíràn gba aago ògiri. Òun ní kí wọ́n fún òun ní àwọn èèpo fáìlì àtijọ́, àwọn páálí aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ti kó jọ láti dáná sun. Àpò méjì ló kó wálé. Olúdọ̀tun ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Dùgbẹ̀, wo àpò méjèèjì, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó rọra bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Ara rẹ̀ yá dáadáa. Ó gé páálí náà sí wẹ́wẹ́, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ní fífẹ̀, ó fi rúlà fa ìlà sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ra àwìn á mú káàdì ìdánimọ̀ ilé-ìwé rẹ̀ wá, Mọ́mì á kọ orúkọ, ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí páálí méjì tó dọ́gba. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, èkejì á wọ inú dúróà onígi tí wọ́n tò ní a-bí-dí. Ohunkóhun tí wọ́n bá rà, orí méjèèjì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà pe ẹnì kejì rẹ̀ ní òpùrọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá san án pé ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, fún oṣù mẹ́ta gbáko, á kúrò ní mẹ́ta, á bọ́ sí mẹ́rin, á tún máa gòkè lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ san, Mọ́mì ò níí pariwo, kò sì níí gba èlé. Yóò kàn gé iye rẹ̀ sí méjì. Ẹni tó wà ní mẹ́fà á padà sí mẹ́ta, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàbà náà láti ìsàlẹ̀.

“Màmi,” Olúdọ̀tun sọ fún un nígbà kan, “ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní kírẹ́díìtì káàdì lẹ dá sílẹ̀ yìí o. Àmọ́ àwa ní báńkì máa ń gba èlé.”

“Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin fi ní ẹ̀rọ amúlétutù,” ni Sẹ̀gilọlá dáhùn, “tí èmi fi ní abẹ̀bẹ̀.”

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gba káàdì yẹn láìgbọ́ ìtàn kan, ìtàn náà sì ni ohun kejì tó sọ obìnrin yìí di gbajúmọ̀ ní Àgbowó. Àwọn tó ti gbọ́ ọ rí máa ń dúró gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọn á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn.

Ọmọ Iléṣà ni Sẹ̀gilọlá, ilé ọkọ ló gbé e wá sí Ìbàdàn. Òṣómàáló ni bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọjọ́ orí yín ò tó láti mọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri abà àti ìletò láyé àtijọ́ là ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kó aṣọ fún ẹ láwìn, wọ́n á dá ọjọ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Tí ọjọ́ bá pé tí o ò sanwó, bàbá yìí á wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ láàárọ̀ kùtùkùtù, á lóṣòó síbẹ̀, á ní òṣó lòun máa ló títí òun máa fi gbowó òun. Kò níí jókòó sórí àga rẹ, kò níí jẹ oúnjẹ rẹ. Àwọn aládùúgbò á máa kọjá, wọ́n á máa kí i.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Sẹ̀gilọlá nígbà tó bá bàbá rẹ̀ lọ sí abà kan lásìkò ọlidé. Obìnrin tó jẹ gbèsè sá pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí òun àti Sẹ̀gilọlá ò ju ẹgbẹ́ ara wọn lọ, ló jáde wá sọ pé ìyá òun ò sí nílé. Wọ́n jọ ń wo ara wọn, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé irọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni Sẹ̀gilọlá ti búra pé òun ò níí lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni láyé òun.

Tó bá sọ ọ́ débẹ̀ yẹn, á ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, á lóṣòó sáàárín àpò ìrẹsì méjì kí wọ́n lè rí bí bàbá òun ṣe máa ń ṣe é. Obìnrin ọlọ́dún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á rẹ́rìn-ín títí, àwọn méjì á sì fà á dìde.

“Ẹ ti rí i,” á wí, á máa gbọn ìró rẹ̀. “Èmi ò níí wá lóṣòó dè yín ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá jẹ mí lówó, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi gbé e wá. Ẹ má fi àwìn ra ohun tí owó ọwọ́ yín lè rà. Ẹ má sì rà á nítorí pé ọ̀rẹ́ yín rà á.”

Láti ọdún mẹ́jọ tó ti ń ṣe é, àwọn mọ́kànlá ló ti sá lọ. Ó mọ orúkọ wọn, kò sì dárúkọ wọn fẹ́nikẹ́ni rí. Àwọn yòókù ń san. Inú Sẹ̀gilọlá a máa dùn tó bá ń pa dúróà náà dé nírọ̀lẹ́ Sátidé, inú ẹni tó mọ̀ pé ohun tóun dá sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Nínú gbogbo ọmọ inú dúróà yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹnì kan wà tó fẹ́ràn jù. Ṣemílóore lorúkọ rẹ̀, ọdún kẹta ló wà. Ará Ọ̀wọ̀ làwọn òbí rẹ̀, Challenge ní Ìbàdàn níbí ni wọ́n ń gbé, bàbá rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó rí i nínú aṣọ funfun rẹ̀, láìwọ bàtà, tó ń rọra yan ibi tí kò sí òkúta lẹ́bàá títì, á sì yà kí Mọ́mì kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù mẹ́rìndínlógún ló fi ra àwìn, kò pẹ́ san lẹ́ẹ̀kan rí. Káàdì rẹ̀ ti gun òkè dé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Ìgbàkígbà tí Mọ́mì bá kọ ọjọ́ ìsanwó sórí káàdì, Ṣemílóore nìkan ló máa ń kà á síta kó tó lọ, bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì: “Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Júùnù. Mo gbọ́, Mọ́mì.”

Ọjọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù Júùnù yẹn ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù Sẹ̀gilọlá. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó rí àwòrán Ṣemílóore. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí ní lẹ́tà ńlá-ńlá pé olè àti onígbèsè ni ọmọ yìí, pé ó gba owó àwọn ó sì sá lọ, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ fún un kó tètè san án kí àwọn tó fi ọlọ́pàá gbé e. Sẹ̀gilọlá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àgbàlagbà ni, kò tíì rí i kí wọ́n ṣe ọmọ ọlọ́mọ báyìí rí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà kò tíì rọ̀ tí Ṣemílóore fi dé. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Mọ́mì ló lọ fà á lọ́wọ́, tó gbé àga fún un, tó bu omi fún un. Ọmọ náà mu omi díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì bàbá rẹ̀ ló bàjẹ́. Owó ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó tẹ fóònù, ààpù ayánilówó kan yá a ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà kó tó ka márùn-ún, kò sẹ́ni tó bi í pé ọmọ ta ni ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ó ti di ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó wá lọ yá ti ààpù kejì láti fi san ti àkọ́kọ́, nígbà tí ìyẹn náà pé, kò rí i san, ni wọ́n bá kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí pásítọ̀, sí olùkọ́, sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀.

“Mo kà á dáadáa nígbà tí mo gba tiyín, Mọ́mì,” ó ní. “Mi ò ka tiwọn. Wọ́n kọ ọ́ kéékèèké.”

Ẹgbẹ̀rún méje ó lé irinwó ló jẹ Sẹ̀gilọlá lórí káàdì, Sátidé yẹn gan-an ló sì pé. Àánú rẹ̀ ṣe Mọ́mì gan-an. Ó fa dúróà síta, ó wá káàdì ọmọ náà jáde, ó fà á ya sí méjì, ó tún fà á sí mẹ́rin, ó jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí.

“Tèmi ti kúrò níbẹ̀,” ó ní. “Kò sí nǹkan kan lọ́rùn rẹ mọ́ lọ́dọ̀ mi. Lọ dojú kọ àwọn yẹn.”

Ṣemílóore ń wo agbọ̀n ìdọ̀tí náà. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Mọ́mì,” ó sì jáde.

Inú Sẹ̀gilọlá dùn sí ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má bínú sí i. Oore a máa dùn mọ́ ẹni tó ṣe é nígbà mìíràn ju ẹni tí wọ́n ṣe é fún lọ. Ó ń kọ orin nígbà tó ń ti ilẹ̀kùn. Ó tilẹ̀ pe Olúdọ̀tun lórí fóònù, ó ní kó sọ fún báńkì rẹ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Sátidé kọjá, Ṣemílóore kò wá. Mọ́mì ní ó dára, kò sí ohun tó fẹ́ wá san. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò wá ra nǹkan. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Sẹ̀gilọlá rí aṣọ funfun lókèèrè, ó ti ń múra ẹ̀rín sílẹ̀, àfi bí ọmọ náà ṣe sọdá sí òdìkejì títì tó sì gba ibẹ̀ kọjá lọ. Ó dùn ún. Ó ní ìtìjú ni, ó máa lọ. Oṣù Júláì parí, kò lọ.

Nígbà tó yá, Safiyyah, tó ń bá Ṣemílóore gbé yàrá kan náà, wá ra ẹ̀wà. Mọ́mì wọn ẹ̀wà náà, kò gbé e fún un.

“Ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́?”

“Ó wà, Mọ́mì. Ó ń dirun fáwọn èèyàn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó tún ń bá wọn tẹ pírójẹ́ẹ̀tì. Ó ti fẹ́ san owó àwọn ààpù yẹn tán.”

“Kí ló dé tí kò yà lọ́dọ̀ mi?”

Safiyyah wolẹ̀. “Ó ní ẹ ti yọ òun, Mọ́mì. Ó ní ẹ gba ohun tí wọ́n kọ gbọ́, ẹ sì fa káàdì òun ya lójú òun.”

Ìbínú ló kọ́kọ́ bá Sẹ̀gilọlá. Ẹgbẹ̀rún méje ó lé irinwó! Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ ìsinsìnyí ò ṣeé ṣoore fún. Lẹ́yìn ìbínú ni ìrònú dé. Ó fẹ́ lọ bá a ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kó lọ ṣàlàyé, àmọ́ ó rántí ìbúra rẹ̀ nípa ẹnu ọ̀nà onígbèsè. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé onígbèsè ni ọmọ náà ṣì ni, nígbà tí òun ti fà á ya, kò sì mọ èsì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, tó ń ta ìrẹsì, tí ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀. Owó náà kọ́ ló ń rò. Ó ń rò pé ọmọ tóun fọkàn tán jù lọ ń rìn kiri Àgbowó pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé olè lòun ń pè é.

Sátidé tó gbẹ̀yìn nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Sẹ̀gilọlá gbójú sókè lẹ́yìn ẹni kẹfà, Ṣemílóore ló dúró níwájú rẹ̀. Ó ti rù díẹ̀. Ó gbé ọ̀rá kan lé tábìlì, owó ló wà nínú rẹ̀.

“Ẹ káàsán, Mọ́mì. Ẹgbẹ̀rún méje ó lé irinwó ni.”

Sẹ̀gilọlá ti ọ̀rá náà padà sí i. “Mo ti sọ fún ẹ pé kò sí nǹkan lọ́rùn rẹ. Mo ti fi jì ẹ́. Lọ fi ra nǹkan tí wàá jẹ.”

“Ẹ gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ma.”

“Mi ò gbà á.”

Ọmọ náà ò jiyàn. Ó ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ orúnkún, ó lóṣòó sáàárín àpò ìrẹsì méjì, níbi tí Mọ́mì fúnra rẹ̀ ti máa ń lóṣòó, ó sì dojú kọ ọ́.

“Òṣó ni màá ló, Mọ́mì,” ó ní, “títí ẹ ó fi gbowó yín.”

Àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Sẹ̀gilọlá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ti dé ẹnu rẹ̀. Ó wá rí ojú Ṣemílóore, ojú náà kò ṣeré rárá. Ìgbà yẹn ló rántí apá kan nínú ìtàn bàbá rẹ̀ tí kì í sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀ láti abà yẹn, bàbá rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi kan, ó ṣí ìwé àwìn rẹ̀, ó fa ojú ewé kan ya. Orúkọ ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀. Sẹ̀gilọlá kékeré bi í pé, “Bàbá, ṣé ẹ ti fi jì í ni?” Bàbá rẹ̀ ká ewé náà, ó sọ ọ́ nù. “Rárá o. Mo ti gbàgbé rẹ̀ ni. Ẹni tí mo bá ń lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ṣì ń kà á kún èèyàn.”

Ní ṣọ́ọ̀bù, Sẹ̀gilọlá yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ka àwọn ọmọ tó sá lọ lọ́kàn rẹ̀, mọ́kànlá, káàdì wọn ṣì wà nínú dúróà títí di òní. Kò fa tẹnikẹ́ni ya nínú wọn. Ti Ṣemílóore nìkan ló fà ya.

“Mo ṣàṣìṣe,” ó ní. “Mo rò pé mò ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni. Mi ò gbà á gbọ́ rí, ohun tí wọ́n kọ yẹn. Má bínú sí mi.”

Ṣemílóore ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kò sì dìde.

“Bó ṣe wá rí báyìí, mi ò mọ ibi tí màá kọ ọ́ sí,” Mọ́mì ní. “Káàdì rẹ ti lọ.”

“Tiyín lẹ fà ya, Mọ́mì. Ẹ ò fa tèmi ya.”

Ó ti ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ páálí ìyeyè kan jáde láti inú Bíbélì rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀, oṣù mẹ́rìndínlógún, ìlà lórí ìlà, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé Sẹ̀gilọlá fúnra rẹ̀. Ó ti tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Sẹ̀gilọlá gba ọ̀rá owó náà. Ó kà á níṣojú gbogbo wọn, ó pé. Ó mú páálí tuntun, ó fa ìlà sí i, ó da gbogbo rẹ̀ kọ láti òkè délẹ̀, àwọn tó wà lórí ìlà sì dúró dè é láìráhùn. Níkẹyìn ló kọ “Ó san” sórí méjèèjì. Ó fẹ́ kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ síbi iye àwìn, Ṣemílóore na ọrùn láti ilẹ̀ tó lóṣòó sí.

“Mẹ́rin ni, Mọ́mì. Mo pẹ́ san.”

“Èmi ni mo fà á ya.”

“Kí ẹ tó fà á ya ni mo ti mọ̀ pé mi ò níí rí i san lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ohun tí mo wá sọ fún yín nìyẹn. Mẹ́rin ni.”

Sẹ̀gilọlá wò ó títí. Ó kọ mẹ́rin. Inú rẹ̀ dùn, ìdùnnú yìí sì yàtọ̀ sí ti ọjọ́ tó ń kọrin.

“Bàbá rẹ ńkọ́?”

“Bọ́ọ̀sì ti padà sí títì, ma. Mo sì ti yọ àwọn ààpù yẹn kúrò lórí fóònù mi.”

“Èló ló kù lọ́wọ́ rẹ báyìí?”

“Igba náírà.”

“Kí lo fẹ́ máa jẹ lọ́sẹ̀ yìí?”

Ṣemílóore ronú díẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní kóńgò gàrí kan àti ẹyin mẹ́rin, ó dúró, ó ní ẹyin méjì náà ti tó. Mọ́mì wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sórí káàdì méjèèjì, ó kọ ọjọ́ sí i. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti kú tipiri níbi tó lóṣòó sí, kò lè dìde. Sẹ̀gilọlá jáde lẹ́yìn tábìlì, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó fà á dìde, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ṣubú lu àpò ìrẹsì.

Ṣemílóore gbọn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó gbé káàdì rẹ̀ sójú.

“Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Sẹ̀tẹ́ńbà,” ó kà á síta. “Mo gbọ́, Mọ́mì.”

Sẹ̀gilọlá fa dúróà, ó ti káàdì tuntun náà bọ àyè rẹ̀ láàárín ti Safiyyah àti ti Tómilọ́lá, ó sì pe ẹni tó kàn.